Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ọmọ Amẹ́ríkà Tó Wọ̀ Sílé Mi

Oṣù márùn-ún ni ọmọ Amẹ́ríkà kan fi gbé nílé mi ní Ìwó, mo sì lè sọ lónìí pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mọ ohun tó máa ń bà á lẹ́rù, mo mọ bó ṣe máa ń dákẹ́ bí inú bá ń bí i, mo mọ irú ọbẹ̀ tó lè jẹ àti èyí tó máa ń ṣe bí ẹni ń jẹ títí tí mo bá fi yíjú síbòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ọdún mẹ́rìnlá kí wọ́n tó dá a padà wálé. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ sọ, nítorí èmi ni mo wà láàárín wọn, kò sì sí ẹlòmíì tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Olùkọ́ ni mí. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti wọ yunifásítì, yàrá wọn sì ṣófo. Agbo ilé bàbá mi kò jìnnà sí wa, títì kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Alfa ni Bàbá, wọ́n ní ilé kéú tí wọ́n jogún lọ́wọ́ bàbá tiwọn, wọ́n sì ní ìwé àtijọ́ kan tí bàbá bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: wáàsí ni, tí wọ́n tò bí orin.

Ìwé yìí ló gbé ọmọ Amẹ́ríkà náà wá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé nígbà kan ló pè mí pé obìnrin kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì fẹ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Ṣé mo lè gbà á sílé? Mo ní kó máa bọ̀.

Ọjọ́ tó dé, kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, òun àti àpò ńlá méjì, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló wá kí i. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ kéú wà níbẹ̀ pẹ̀lú wàláà, pátákó ìkọ̀wé wọn. Ó na ọwọ́ sí Bàbá lórí ìdúró, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà! Ṣé o sùn dáadáa?”

Gbogbo ọmọ kéú gbé ojú kúrò lára wàláà wọn. Bàbá wò ó sókè, wọ́n wò ó sísàlẹ̀, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

“‘Ẹ’ ló fi bẹ̀rẹ̀,” ni wọ́n wí fún mi, “‘o’ ló fi parí rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá, iṣẹ́ ti dé bá ọ.”

A délé, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ó bi mí pé ṣé gbogbo ìgbà ni. Mo ní gbogbo ìgbà. Ó bi mí pé kí nìdí. Mo ní kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ná, kó tó wá béèrè ìdí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn náà ló sì ti ń pè mí ní Àǹtí.

Àdúgbò kò pè é ní orúkọ rẹ̀ rí. “Amẹ́ríkà” ni wọ́n sọ ọ́. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Amẹ́ríkà, ẹ káàbọ̀ o!” Gbogbo ohun tí wọ́n sì ti ń gbọ́ nípa ìlú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tó ń ta iyọ̀ lójúde wa fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n máa ń kó òbí wọn sí ilé kan tí wọ́n á sì lọ fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ní ìbọn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bi í nípa ogun tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ jà ní ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n bi í bí ẹni pé òun ló fọwọ́ sí i. Ọ̀gbẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ líle jù lọ ní ọ́fíìsì wa, tó ní wọ́n fẹ́ máa pàṣẹ fún gbogbo ayé, òun kan náà ló dá mi dúró níta lọ́jọ́ kejì tó ní kí n bá òun bi í bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù físà. Èmi ò bú u. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ti inú rẹ̀ wá.

Ọmọbìnrin náà máa ń dáhùn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà míì ó máa ń ní, “Èmi kọ́ ni mo ṣe é.” Ìdáhùn yẹn kì í tẹ́ wọn lọ́rùn.

Lọ́dọ̀ Bàbá nìkan ni ara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, á lọ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ojú Bàbá ti di bàìbàì, wọn ò lè ka lẹ́tà kékeré mọ́. Ọmọbìnrin náà lè ka lẹ́tà Lárúbáwá dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tó ń kà kò yé e. Á wá máa kà á síta, Bàbá á sì máa bá a tún un ṣe, nítorí ìwé náà kò ní àmì ohùn. Lọ́jọ́ kan, ó ka ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn ìyàwó níyànjú, ó ní, “Ẹ máa bọ̀wọ̀ fún ọkọ̀ yín.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àṣé mọ́tò ló yẹ kí àwọn obìnrin Ìwó ti máa kúnlẹ̀ kí láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló bínú pé mo gbà á sílé.

Mo ní láti sọ bó ṣe lọ àti bó ṣe bọ̀. Ìwé ló bá lọ sí Amẹ́ríkà. Owó ilé ìwé le, ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọmọ ibẹ̀ kan bí ọmọbìnrin kan fún un, òun àti ìyá ọmọ náà sì pínyà kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú rẹ̀ tó yanjú. Ìwé tó fi wọ̀lú ti tán tipẹ́tipẹ́ kí ọlọ́pàá tó dá a dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan nítorí iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ kan tí kò tàn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wálé. Aṣọ tó wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ẹrù rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà yẹn.

Ọdún kẹta tó dé rèé. Ó gbẹ́ adágún ẹja mẹ́ta sí Olúpọ̀nnà nítòsí wa, ẹja àrọ̀ ló ń sìn, ó sì ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn sọ ọ́ ní “Yúẹ́sì”. Bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, kì í dáhùn. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń gbé ẹja wá fún Bàbá, á kírun pẹ̀lú wọn, á sì wá jẹun nílé mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí ọmọbìnrin náà dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù.

“Mo gbọ́ pé ẹnì kan wà nílé rẹ.”

“Ẹnì kan wà nílé mi, Ẹ̀gbọ́n.”

“Ará ibẹ̀?”

“Ará ibẹ̀ ni.”

“Lé e jáde.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ilé tèmi ni.”

Ó ní, “Ó dáa. Bó bá ti lọ, kó o sọ fún mi.” Ó sì gé fóònù.

Mo rò pé inú rẹ̀ á rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò rọ̀. Jímọ̀ mẹ́fà ló kọjá tí kò ti Olúpọ̀nnà jáde. Ọlọ́kadà ló ń fi ẹja rán sí Bàbá. Èmi náà ò pè é. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé mo ṣẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní tìtorí ìbínú ẹnikẹ́ni lé àlejò tí kò ṣe nǹkan kan jáde.

Ọmọbìnrin náà ló béèrè. À ń gé ẹja kan nínú ẹja ọ̀hún lọ́wọ́, Bàbá ti pín un fún wa. Ó ní, “Àǹtí, ta ló máa ń fi ẹja yìí ránṣẹ́? Kí ló dé tí ẹni náà kì í wá?”

Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Kí ni mo ṣe fún un?”

“O ò ṣe nǹkan kan fún un.”

“Kí ló wá dé?”

Mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, nítorí náà mi ò wá ọ̀rọ̀ tì. Mo ní, “Ohun tí ẹ bá pinnu lọ́dọ̀ yín, a máa ń rí i níbí. Bí owó yín bá gbéra, epo àti ìrẹsì tiwa á gbéra. A mọ orúkọ olórí yín, a mọ ìgbà tí ẹ ń dìbò, àwọn ọmọ kíláàsì mi lè dárúkọ àwọn olórin yín ju bí wọ́n ṣe lè dárúkọ àwọn ìyá ìyá wọn lọ. Kó o tó rí ìwé Bàbá, ṣé o mọ ibi tí Ìwó wà?”

Ó mi orí. Kò mọ̀.

“Bó ṣe rí nìyẹn. A mọ̀ yín, ẹ ò mọ̀ wá. Ó ń dun èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi sì ti gbé ọ̀dọ̀ yín, tirẹ̀ ju tiwa lọ.”

Mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ lọ kí i. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á bi Bàbá, kò sì dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti sọdá títì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹja lọ́wọ́.

Bàbá kò bá a jiyàn. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún un: “Mo fẹ́ rí ọ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.”

Ó wá. Kò sí bí kò ṣe ní í wá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó dìde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lọ́wọ́ ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì kọjú síta. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Ẹ káàsán, sà.” Ẹ̀gbọ́n mi kò dáhùn. Ọmọbìnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní òyìnbó, ọ̀rọ̀ tó ti há sórí, mo mọ̀ nítorí mo gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ọwọ́ sókè.

“Yorùbá,” ló wí.

Ọmọbìnrin náà wò mí.

“Má wò ó. Kò ní túmọ̀ nǹkan kan fún ọ. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi èdè rẹ jẹun. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Màá tún un sọ. Wọ́n á ní kí n tún un sọ, títí ọ̀rọ̀ á fi tán lẹ́nu mi. Lónìí, èdè tèmi la máa sọ. Èyí tí kò bá yé ọ, bi mí.”

Ó ní, “Mo gbọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn, àwa tá a jẹ́ ẹbí rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ó ní òun tọ́jú bàbá arúgbó kan fún ọdún mẹ́fà. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń gé èékánná rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn ọmọ rẹ̀ ń wá. Lọ́jọ́ tó kú, ọwọ́ òun ló kú sí, òun ló pa ojú rẹ̀ dé. Àwọn ọmọ náà kò sọ ọjọ́ ìsìnkú fún òun. Òun wádìí rẹ̀ fúnra òun, òun wọ kóòtù dúdú, òun sì lọ. Wọ́n rí òun lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì bi òun pé kí ni òun ń wá.

“Wọ́n rẹ́rìn-ín,” ló wí. “Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ? Wọn ò lé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá tó dá mi dúró náà rẹ́rìn-ín sí mi. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n á bi mí pé ibo ni mo ti wá, màá ya ẹnu láti dáhùn, wọ́n á ti kọjá lọ. Ẹ̀rín yẹn ni mo kórìíra. Mo kórìíra rẹ̀ ju ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n fi gbé mi wálé lọ.”

Ọmọbìnrin náà ti ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé pélébé rẹ̀. Ó gbé orí sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí ni ‘kórìíra’?”

Mo mọ òyìnbó rẹ̀, ó wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ní kí n má túmọ̀. Ó ku òun nìkan. Ó fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ó jẹ́ pé,” ló wí, “bí mo bá gbọ́ ohùn nǹkan náà, inú mi á ru. Màá fẹ́ kó kúrò níwájú mi.”

“Ohùn mi náà?”

“Ohùn rẹ náà.”

“Ẹ kórìíra mi?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, “Mi ò tíì mọ̀ ọ́.”

Mo rò pé ọmọbìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Òun náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní, pẹ̀lú Yorùbá tó ń kọsẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, “Ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ìyá mi máa ń rín in. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó wà nínú mi. Ẹ̀yin sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà kọjá lọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi tún kọjú síta. “Rárá,” ló wí. “Òun kò kọjá lọ. Orúkọ gbogbo wa ló mọ̀. Ó mọ orúkọ Bàbá yìí.”

Ìgbà náà ni Bàbá tú ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ká. Wọ́n ní, “Ọkùnrin Hausa tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí, ó ti tó ọdún mélòó tó ti wà níbẹ̀?”

Mo ní á ti tó ogún ọdún.

“Ìlú wo ló ti wá?”

Mi ò mọ̀. Mo ti ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn láìmọye ìgbà, mo ti ṣe àwàdà pẹ̀lú rẹ̀, ó ti fi àlùbọ́sà méjì kún un fún mi lọ́jọ́ ọdún Iléyá. Mi ò mọ ìlú rẹ̀, mi ò sì mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi náà kò mọ̀. Èmi tí mo fi ẹnu mi kan gbé ẹjọ́ gbogbo ayé kalẹ̀ lórí ẹja, mo wo ilẹ̀.

“Èmi náà ò mọ̀,” ni Bàbá wí. “Àti pé ìlà ìrun kan náà la jọ máa ń dúró sí.” Wọ́n ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá. A jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ tirẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin náà wọ bàtà rọ́bà ọkọ mi, ó ní òun ń lọ sí Olúpọ̀nnà. Mo bá a lọ, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n pa ara wọn. Ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi ń ya ẹja ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, kí àwọn ńlá má baà máa jẹ wọ́n. Ó wo bàtà tó tóbi jù náà, ó wo ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì na apẹ̀rẹ̀ kan sí i. Kò kí i, kò sì lé e.

Wọ́n ṣiṣẹ́ tó wákàtí méjì. Mo jókòó sábẹ́ igi, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Lójijì, ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ ẹja kan gún ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ nù, ó sì bú ẹja náà ní òyìnbó, èébú gígùn kan tí mi ò lè kọ síbí. Ẹ̀gbọ́n mi nà ró. Ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. Ó ní ọ̀gá òun àkọ́kọ́ níbẹ̀ ló máa ń bú irú èébú yẹn láràárọ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, òyìnbó tó ń jáde láti imú, irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé.

Ó gbé omi ka iná, bó ṣe gbóná díẹ̀ ló ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òtútù ibẹ̀, nípa ọ̀dùnkún díndín, nípa bọ́ọ̀sì kan tó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ohùn rẹ̀ yí padà. Mo gbé bírò mi sílẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ọdún mẹ́ta pé ìbínú nìkan ló wà nínú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ṣàárò ibẹ̀. Ibi tó kórìíra yìí náà, ó ń ṣàárò rẹ̀ bí ẹni ń ṣàárò ilé, kò sì rí ẹni kan ní gbogbo Ìwó tó lè sọ ọ́ fún kí wọ́n má fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nídìí omi gbígbóná yẹn ló ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni òun àti ọmọ náà máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Bàbá kò gbọ́ òyìnbó. Bàbá kò tíì bá ọmọ-ọmọ wọn sọ̀rọ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Mo wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ọmọbìnrin náà ló béèrè ìlú tí ọmọ ọ̀hún wà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ “kórìíra”.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi tún ń wá ní Jímọ̀. Wọ́n máa ń jiyàn. Bó bá sọ pé orílẹ̀-èdè wọn kò lójú àánú, ọmọbìnrin náà á dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ń se oúnjẹ fún àwọn tí kò nílé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá sọ pé gbogbo èèyàn ló lè là níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á yọ àpá tí iṣẹ́ ibẹ̀ dá sí i lọ́wọ́ fún un wò. Kò sí ẹni tó yí èkejì lérò padà. Mo rò pé ohun tó dùn mọ́ wọn nínú níbẹ̀ nìyẹn.

Ọmọbìnrin náà ka ìwé Bàbá tán lóṣù karùn-ún, ó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ kan fún wa ní lẹ́tà ńlá, ó sì lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣèlérí bí wọ́n bá ń lọ. Òun kò ṣèlérí kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjì, ó tẹ̀ mí láago lórí fídíò lọ́jọ́ Sátidé kan ní ọ̀sán, ó ní kí n sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá, kí n sì rí i pé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Orí ló bá wa ṣe é, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń bá Bàbá tún òrùlé ṣe. Ọmọbìnrin náà ti wọ bọ́ọ̀sì fún wákàtí márùn-ún lọ sí ìlú tí ọmọ náà wà. Ìyá ọmọ ti kọ̀ nígbà àkọ́kọ́, ó kọ̀ nígbà kejì, ó wá gbà fún wákàtí kan péré, ní ilé oúnjẹ, pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ nídìí tábìlì kejì.

Ọmọ náà yọ lójú fóònù. Ó ti di ọmọ ọdún méjìlá. Iwájú orí Bàbá ló gbé sórí, ó yọ síta bákan náà. Ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá àgbà. Èmi ni ọmọ-ọmọ yín.”

Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Bàbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú wọn tó fi jẹ́ pé etí wọn nìkan ni ọmọ ọ̀hún á máa rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àdúà náà gùn. Ọmọ náà kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn àlejò mi níbẹ̀ tó ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ìgbà tó yẹ kó ṣe “Àmín”, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣì í. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àkàbà. Kò sọ̀ kalẹ̀ títí Bàbá fi ṣe tán, kò sì jẹ́ ká rí ojú rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó ti dárí ji ibẹ̀. Bí ìròyìn bá dárúkọ Amẹ́ríkà, ó ṣì máa ń pòṣé. Ó ní bí wọ́n bá fi ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́ sí òun lónìí, òun ò ní wọ̀ ọ́. Mo gbà á gbọ́. Mi ò sì bá a jiyàn mọ́ lórí bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, nítorí mo ti gbọ́ ohun tójú rẹ̀ rí, ó sì pọ̀. Èmi náà ṣì ní ohun tí mo ní sí ìlú wọn. Mo sì ń gbé fóònù ní gbogbo òpin oṣù láti bá ọmọ ìlú wọn kan sọ̀rọ̀ títí tí etí á fi gbóná. Àyè gba méjèèjì, kò sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́ nínú mi.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá báyìí, ìdajì wákàtí gbáko. Èmi ni mo bá a to ẹ̀kọ́ náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó tì wọ́n. Ọmọ náà to gbólóhùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó bi í pé, “Dádì, kí ló dé tí ẹ ò padà wá?”

Iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń sọ fún un pé ó gbé òun wálé. Ó wò mí, mo sì dìde láti fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ìwé tó tán, iná mọ́tò, ilé tí wọ́n tì í mọ́. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá tó rọrùn, díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dúró lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti bi í bóyá ó yé e.